Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ta Ló Di Òṣùwọ̀n Mú?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ju èyí tí ojú mi lè kà tán lọ. Ẹ̀bi mi ni. Lóṣù tó kọjá, mo ṣèèṣì sọ níbí pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló sọ orílẹ̀-èdè di tálákà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ̀yin wá ní tí kì í bá ṣe ọ̀lẹ, kí n sọ ohun tó jẹ́. Mẹ́fà ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà náà. Èyí àkọ́kọ́ ló máa gùn jù, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá bàbá mi ní oko kòkó éékà 12. Ọdún 40 ló fi ta kòkó. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló kọ́, kò sì tíì rẹ́ ẹ tán tó fi kú ní 1974. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló jókòó san gbèsè tó fi sílẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní bàbá kò mọ owó ṣọ́ ni, pé ìyàwó mẹ́ta ló ná an tán. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Báwo lèèyàn ṣe máa ta ohun tí gbogbo ayé ń wá fún ọdún 40, kó sì kú sínú gbèsè? — Ọmọ Àgbẹ̀, Oǹdó

Ọmọ Àgbẹ̀, bá mi kí àbúrò rẹ. Sọ fún un pé bí ìyàwó mẹ́ta bá jẹun tó báwo, wọn ò lè jẹ tó ẹni tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá tèmi náà, lábúlé kan láàárín Gbọ̀ngán sí Ifẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tó kọ́kọ́ gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Mo ti mọ nọ́ńbà kà, òun ò mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ kí n bá òun fojú sí i. Bọ̀lẹ́kájà ti kó àpò ìdọ̀họ wa mẹ́ta ṣíwájú. Ọjọ́ mẹ́fà la fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó yẹn kó tó kan dáadáa, ìyá mi sì sá a lórí ẹní títí tó fi ń dún ṣákẹ́ṣákẹ́ bí èèyàn bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Gírédà yọ ọ̀bẹ, ó ń la hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì lórí pátákó, ó ń wo inú rẹ̀, ó ní, "Gíréèdì wán." Ẹ̀rín gba ẹnu bàbá mi. Ìgbà tó kan akọ̀wé tó ń wọn kòkó ni ojú ọjọ́ yí padà. Àpò tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n dúró lórí pọ́n-ùn 140 fún, 133 ni akọ̀wé kọ sílẹ̀. Mo fa bàbá mi láṣọ, mo ní ohun tó kọ yẹn kọ́ ni mo rí. Akọ̀wé gbọ́. Ó ní omi ṣì wà nínú kòkó náà, pọ́n-ùn méje lòun yọ fún omi lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Omi wo, nínú kòkó tí gírédà ṣẹ̀ṣẹ̀ lu òǹtẹ̀ fún? Bàbá mi ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

Lójú ọ̀nà, mo bi í pé kí ló dé tó fi ń dúpẹ́. Kò dá mi lóhùn títí a fi kọjá odò. Ló bá ní, "Ta ni mo tún fẹ́ lọ tà á fún?"

Ọdún 33 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Gbogbo ìwé tí mo fi kọ́ wọn, inú ìbéèrè yẹn ni mo máa ń padà sí.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tó ti àwọn ilẹ̀kùn yòókù fún ọ. Kí ogun Hitler tó dé rárá, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó ti ń fẹnu kò lórí iye tí wọ́n máa san. Ní 1937, wọ́n sọ ọ́ di àdéhùn. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, ìyẹn Ghana òní, bínú, wọ́n gbé kòkó wọn pa mọ́lé, wọn ò tà, títí wọ 1938. Ogun dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní òun nìkan ni yóò máa ra gbogbo rẹ̀. Ogun lọ, ìjọba ò lọ. Ní 1947, wọ́n dá bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ní 1954, wọ́n pín in fún àwọn ẹkùn, tiwa ń jẹ́ Western Region Marketing Board. Bọ́ọ̀dù ló ń dá iye owó kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó fún ní láísẹ́ǹsì ló ń bá a rà á lóko, òun nìkan ló sì ń tà á sókè òkun. Àgbẹ̀ tó bá ní iye yẹn kò tẹ́ òun lọ́rùn, kó gbé kòkó rẹ̀ sínú ọbẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ dùn létí. Wọ́n ní nígbà tí kòkó bá gbówó lórí lọ́jà àgbáyé, àwọn á yọ díẹ̀ pamọ́, tó bá wá já wálẹ̀, àwọn á fi èyí tó wà nípamọ́ gbé àgbẹ̀ ró. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ ìwúlò àká? Ṣùgbọ́n ta ni kọ́kọ́rọ́ àká wà lọ́wọ́ rẹ̀? London ni wọ́n kó owó náà sí níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ra ìwé gbèsè ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ogun, nígbà tí London ń wá owó tí yóò fi tún ara rẹ̀ tò, bàbá mi tí kò ní ju bàtà kan lọ wà lára àwọn tó ń yá a lówó. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.

Fi owó ẹrù tó ń jáde nílùú kún un, fi owó orí tí ìjọba ẹkùn ń gbà lórí ìrè oko kún un. Àwọn onímọ̀ tó jókòó ṣírò rẹ̀ rí i pé láti 1947 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó yẹ kó dé ọwọ́ àgbẹ̀ kòkó ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú àpò mẹ́ta tí bàbá bàbá rẹ bá gbé lọ, kó sọ pé òun gbé ọ̀kan sílẹ̀ ní bòdè. Mi ò tíì ka pọ́n-ùn méje ti akọ̀wé mọ́ ọn o.

Ẹni tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí lọ́dọọdún, ṣé yóò gbin igi tuntun? Yóò kúkú fi ìyókù owó rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé kí ọmọ náà má bàa dé oko mọ́. Lọ wo oko yín. Àfàìmọ̀ kí àwọn igi tó wà níbẹ̀ má jẹ́ ẹgbẹ́ mi, mo sì ti lé ní ọdún 75. Láàárín àwọn ọdún 1960, Ghana nìkan ló ń ta kòkó jù wá lọ lágbàáyé. Côte d'Ivoire tó wà lẹ́yìn wa nígbà yẹn ló ń ṣíwájú gbogbo ayé báyìí.

Ó wá sú wọn. Ní 1968, wolé-wolé ń dà wọ́n láàmú, owó orí ń gun orí ara wọn, akódà ń jí wọ ilé wọn láti mú ẹni tí kò san. Àwọn àgbẹ̀ ní òkẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, làwọn máa san, kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé. Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn ni mo wà. Ọjọ́ tí wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969, wọ́n lé gbogbo wa wọ yàrá, wọ́n ní ká lọ sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó yá, Awólọ́wọ̀ tó wà nínú ìjọba àpapọ̀ nígbà náà bá Tàfá Adéoyè, aṣáájú wọn, àtàwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, owó orí wálẹ̀, owó kòkó gòkè. Ọmọ mi, wo ohun tó ná wọn. Ṣakabùlà ni wọ́n gbé kí wọ́n tó lè rí ẹni bá dúnàá dúrà.

Bàbá bàbá rẹ kú ní 1974 pẹ̀lú ilé tí kò rẹ́ tán. Jẹ́ kí àbúrò rẹ wá sọ̀rọ̀ ìyàwó mẹ́ta fún mi.

Màmá Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé owó kòkó ni wọ́n fi rán yín nílé ìwé, ṣé ẹnu tí ẹ fi jẹ ẹ́ náà lẹ fẹ́ fi bú u? — Alàgbà kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo jẹ ẹ́, bàbá, mo tún pọ́n ọwọ́ lá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, mo wà lára àwọn tí wọ́n tò sábẹ́ igi ọdán, tí tíṣà ní kí wọ́n gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí wọ́n fi kan etí òdìkejì. Ọwọ́ mi kàn án, wọ́n bá kọ orúkọ mi. Bàbá mi ò san kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti dàgbà jù kò rí ilé ìwé wọ̀ títí ó fi kú. Tí wọn ò bá mú owó yẹn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, èmi náà ì bá máa sá kòkó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Owó yẹn náà ni tẹlifíṣọ̀n 1959, Liberty Stadium ní 1960, àti Ilé Kòkó tó parí ní 1965 tí gbogbo wa máa ń dúró yà fọ́tò níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àpò kan náà ni wọ́n ti ń yọ òmíràn. Ìgbìmọ̀ Coker tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1962 tú ìwé bọ́ọ̀dù síta. (Ẹ má sọ fún mi pé òṣèlú wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, mo mọ̀. Ìwé tí wọ́n tú kò tìtorí ìyẹn di irọ́.) Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn ti gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ National Investment and Properties Company lọ. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí àlééfà lẹ́kùn wa ló ni ilé iṣẹ́ náà, láti ibẹ̀ sì ni owó ti ń dé àpò ẹgbẹ́.

Ohun tó máa ń jẹ́ kí n ronú lálẹ́ rèé. Ní ìparí 1954, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba lọ́dọ̀ wa fìdí rẹmi nínú ìbò ìjọba àpapọ̀, nínú ẹkùn tiwọn fúnra wọn. Inú ń bí àwọn èèyàn sí owó orí tí wọ́n ní káwọn san torí ilé ìwé tí wọn kò tíì fojú rí. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ìwé ṣí. Wọ́n ti rí i pé àgbẹ̀ lè lé wọn lọ. Ní 1965, wọ́n jí ìbò gbé gbangba, ìlú gbiná, Wẹ́tíẹ̀ dé. Ní 1966, sọ́jà dé, ìwé ìdìbò sì di ìwé tí ìyá ẹlẹ́pà fi ń pọ́n ẹ̀pà. Bọ́ọ̀dù kò kúrò o. Bọ́ọ̀dù kan náà, òfin kan náà, láísẹ́ǹsì kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá iye owó kò ní àgbẹ̀ kankan tó lè bẹ̀rù mọ́. Ọdún kẹta la gbúròó Àgbẹ̀kọ̀yà.

Nítorí náà, bàbá, mi ò bú owó tí wọ́n gbà. Bí ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣe lè na ọwọ́ gbà á padà ni mò ń bú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní òtútù ló ń sọ ìlú di olówó, pé ibi tí ooru bá ti mú, oorun ni wọ́n máa ń sùn. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Òkè-Ògùn, Ṣakí

Ní kó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kòríà. Èdè kan, oúnjẹ kan, baba ńlá kan. Ní 1945, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fa ìlà sáàárín wọn, ẹni tó wà lókè ìlà bọ́ sí ọ̀nà kan, ẹni tó wà nísàlẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Lókè yẹn ni ilé iṣẹ́ ńláńlá àti iná mànàmáná pọ̀ sí nígbà tí wọ́n pín in. Lónìí, bí wọ́n bá ya fọ́tò wọn láti ojú sánmà lóru, gúúsù ń tàn bí ọjà alẹ́, àríwá ṣókùnkùn bíríbírí, àfi Pyongyang, olú ìlú wọn, tó ń ṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ òtútù Pyongyang ju ti Seoul, olú ìlú gúúsù, lọ. Kí ọ̀rẹ́ rẹ wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi. (Mi ò ní gúúsù jẹ́ ọ̀run o; ológun ti fojú wọn rí màbo, ó di 1987 kí wọ́n tó gba ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ààrẹ wọn padà.)

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún 22 rèé tí mo ti wà ní Peckham. Ọmọ Botswana kan wà níbi iṣẹ́ wa tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ní dáyámọ́ńdì, àwọn fi kọ́ ilé ìwé, àwa ní epo, a fi ra jẹnẹrétọ̀. Ṣé orí ló yàtọ̀ ni? — Bàbá Ìbejì, Peckham

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbà á díẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1966, ọ̀nà ọlọ́dà tó wà ní gbogbo ilẹ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 12. Ọ̀dá ń pa màlúù wọn. Pula tí wọ́n ń pe owó wọn, òjò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fi mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ní 1967, wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa, lórí ilẹ̀ àwọn Bangwato. Àwọn Bangwato yìí gan-an ni Seretse Khama, ààrẹ wọn, jẹ́ ọmọ ọba fún. Ẹ fojú inú wò ó kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbì kan tí mo mọ̀! Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba rẹ̀ ṣòfin pé ohun àlùmọ́nì jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan, tirẹ̀ náà kò sì yọ sílẹ̀. Wọ́n jókòó ti De Beers, ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń wa dáyámọ́ńdì, títí ìdajì ilé iṣẹ́ tó ń wà á nílẹ̀ wọn fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di 1994, wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí dáyámọ́ńdì bá tán.

Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn ná. Àwa náà ṣe irú òfin yẹn. Ní 1969, ìjọba ológun wa ní gbogbo epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ di ti ìjọba. Ọ̀rọ̀ inú ìwé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àmọ́ Khama padà lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ dìbò ní 1969, ó tún lọ ní 1974, ó tún lọ ní 1979. Àwọn olówó màlúù tó ń tì í lẹ́yìn mọ̀ pé bí owó ìlú bá bàjẹ́, ẹran tàwọn náà kò ní rí ọjà. Àwọn Tswana sì ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní kgotla látọjọ́ pípẹ́: àgbàlá tí ọba ti ń jókòó, tí ọkùnrin tó bá fẹ́ lè dìde sọ ọ́ lójú ọba pé ohun tó ṣe kò dáa. Àwọn obìnrin kò rí àyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọba tó ti mọ́ lára pé wọ́n ń bi òun léèrè yàtọ̀ sí ọ̀gágun tó ń ka òfin lórí rédíò.

Ẹ sọ fún un pé ilé wọn náà kì í ṣe ọ̀run. Ìjọba wọn lé àwọn Basarwa kúrò nínú aginjù Kalahari tó jẹ́ ilé baba wọn. Ní 2006, ilé ẹjọ́ gíga orílẹ̀-èdè wọn fúnra rẹ̀ ní ìjọba jẹ̀bi. Dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ sì ti ń ba ọjà wọn jẹ́ báyìí. Ní 2024, owó wọ́n ìlú, wọ́n fi ìbò lé ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba láti 1966. Ààrẹ Masisi gbà pé òun ti fìdí rẹmi kí wọ́n tó ka ìbò tán, ó kó ẹrù rẹ̀, Duma Boko wọlé. Ọmọ yẹn ì bá fi ìyẹn ṣe yín ní yẹ̀yẹ́ dípò dáyámọ́ńdì, ìyẹn gan-an ni ì bá dùn yín.

Mo ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, mo ní rìsíìtì, mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sí i. Mo fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìlọta ńlá, báńkì ní ìwé mi kò tó. Gbogbo ọ̀rọ̀ ètò ìlú tí ẹ ń sọ yìí, kí ló kàn mí níbẹ̀? — Ìyá Sùlìyá, Ìkòròdú

Ó kàn ọ́ débi ilé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun ṣe Òfin Lílo Ilẹ̀, wọ́n fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀ pé kó máa bá aráàlú tọ́jú ẹ̀. Nítorí náà, lójú òfin, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ lo rà, kì í ṣe ilẹ̀. Bí o bá fẹ́ tà á, tàbí kí o fi dúró fún owó báńkì, àfi kí gómìnà fọwọ́ sí i. Bí ìjọba bá fẹ́ gbà á fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n á sanwó ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí rẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ju iye ìṣákọ́lẹ̀ tí o san lọ́dún yẹn lọ. Àwọn tó ṣe òfin yẹn tún lọ so ó mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, kó má bàa rọrùn láti tú.

Báńkì kò kórìíra rẹ. Ó mọ̀ pé bí o bá jẹ òun ní gbèsè, òun ò lè fi rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ta ṣọ́ọ̀bù náà. Owó rẹ wà nínú símẹ́ńtì, o ń rí i, o ò lè ná an. Ẹni tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì gómìnà, ilẹ̀ tirẹ̀ ń bímọ owó. Èmi ò lè yí òfin náà padà fún ọ lórí ojú ìwé yìí. Lọ bá sọ́féyọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí, kó bá ọ wò ó ní ọ́fíìsì ilẹ̀ bóyá ilẹ̀ yẹn wà lára èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Tí kò bá sí níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ díẹ̀díẹ̀. Ní ti ẹ̀rọ ìlọta, ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù ni kí o lọ. Àwọn yẹn kì í béèrè gómìnà, onídùúró méjì ni wọ́n ń béèrè.

Màmá, ní 2024, a rí owó kòkó tí baba wa kò rí rí. Ó ti ń já wálẹ̀ báyìí, ẹ̀rù sì ń bà wá. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí ìjọba dá bọ́ọ̀dù padà ká lè ní iye owó tó dúró, bíi ti Ghana. Kí lẹ rí sí i? — Alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó kan, Ìdànrè

Alága, ẹ rọra o. Ghana kò tú bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ká. Lọ́dún tí ẹ ń sọ yẹn, tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, iye tí ìjọba ti dá fún àgbẹ̀ wọn kò sún mọ́ ọn rárá. Àwọn kan lára wọn ń fi òru gbé kòkó gba inú igbó lọ sí Togo àti Côte d'Ivoire. Ẹ̀yin ń kà tiyín lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí ìjọba Babangida tú bọ́ọ̀dù ká ní 1986. Owó àgbẹ̀ gòkè, òótọ́ ni. Gírédà náà sì pòórá. Àwọn tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí obì gbé mọ́tò wọ oko, wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra èyí tó ti bu, torí owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń wá, wọ́n kàn fi kòkó gbé owó wọn jáde ni. Ọjà yẹn fò sókè láìnídìí, ó sì já lulẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ kí gírédà padà wá kò jẹ̀bi lójú mi.

Tí wọ́n bá wá bá yín pẹ̀lú ìwé bọ́ọ̀dù tuntun, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n máa san. Ẹ bi wọ́n pé tí iye yẹn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ṣé ẹ lè ta kòkó yín fún ẹlòmíràn. Ẹ bi wọ́n pé nínú àwọn tó máa jókòó sórí bọ́ọ̀dù náà, ta ni ẹ̀yin àgbẹ̀ lè dìbò yọ. Tí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu omi kí wọ́n máa lọ.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, òṣùwọ̀n tó wà nílé ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Ta ló ń dúró tì í? Ìgbà wo lẹ gbé òkúta tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé e kẹ́yìn? Ẹgbẹ́ náà lè ní akọ̀wé o.

Bàbá mi kì í da ìwé tí wọ́n bá fún un níbi ìwọ̀n nù. Agolo bisikíìtì ló ń kó wọn sí, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo ṣí i lánàá kí n tó jókòó kọ èyí. Ti 1957 wà nínú rẹ̀, mẹ́ta, wọ́n ti pọ́n bí ewé: 133, 133, 133. Mo yí wọn padà. Ọkùnrin tí kò mọ̀wé yẹn ti fi èédú fa ìlà méje sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.